Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Yan Olùkọ́ni

Nígbàkígbà tí àga olùkọ́ni àgbà fún ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá ṣófo, gbogbo ènìyàn a di ọ̀mọ̀ràn. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Atakpamé, ní ìdí ọpọ́n ayò, láàrin àwọn ọlọ́kadà zémidjan, lábẹ́ igi ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a máa ń gbọ́: “Ta ni wọn yóò mú wá?” Ẹnìkan á dárúkọ òyìnbó tí ó ti gba ife rí; ẹlòmíràn á ní ọmọ onílẹ̀ ni kí wọ́n fún. Lójú tiwa, ìbéèrè kejì ni ìyẹn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ni ilé náà ń fẹ́? Kí ni ó ní láti fún ẹni tí ń bọ̀? Báwo ni sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ tó? Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà jẹ́. Olùkọ́ni tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan a máa rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, bí àwa olùkọ́ ṣe ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ti ikọ̀ orílẹ̀-èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà mélòó kan péré nínú ọdún ni ó ń kó àwọn ọmọ jọ, fún ọjọ́ díẹ̀. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, olùkọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó tọ́ wọn. Orúkọ tí èdè Faransé fún un, sélectionneur, bá iṣẹ́ náà mu: aṣàyàn ni, kí ó tó jẹ́ olùkọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ nìkan kò tó o. Ó nílò àkókò, tàbí kí ó ti mọ ilé náà dáadáa kí ó tó wọlé.

Àwọn ará wa ní Tógò ti fi ojú ara wọn rí ohun tí a ń sọ. Stephen Keshi, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti ṣe balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, gba iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2004. Òun ni ó darí wọn títí wọ́n fi yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, pẹ̀lú Emmanuel Adebayor, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn fún Tógò, ìkejì kò sì tíì dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ikọ̀ náà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Íjíbítì, wọ́n sì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n yọ Keshi, wọ́n gba Otto Pfister ará Jámánì, nígbà tí Ife Àgbáyé ku oṣù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Jámánì, ìjà lórí owó àjẹmọ́nú àwọn agbábọ́ọ̀lù le débi pé Pfister fi ibùdó sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tó padà wá. Gúúsù Kòríà nà wọ́n 2-1, Switzerland nà wọ́n 2-0, Faransé náà nà wọ́n 2-0.

A kò sọ pé Keshi ì bá ti borí Faransé. Ohun tí a ń sọ ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 2004, àti pé ìjà owó tí ó wà nínú ilé kò bá olùkọ́ni tí wọ́n lé lọ. Ní 2013, Keshi kan náà gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún Nàìjíríà.

Ẹ fi èyí wé ohun tí Sẹ̀nẹ̀gà ṣe. Ní 2015, wọ́n yan Aliou Cissé, ẹni tí ó jẹ́ balógun wọn ní Ife Àgbáyé 2002. Ní 2017, Kamẹrúùnù lé wọn jáde nínú Ife Áfíríkà pẹ̀lú pẹnáritì. Ní 2018, wọn kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní Rọ́ṣíà, nítorí káàdì olómi ọsàn tí wọ́n gbà ju ti Japan lọ. Ní 2019, wọ́n pàdánù àṣekágbá sí ọwọ́ Algeria. Ní ilé mìíràn, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ti tó láti lé e. Sẹ̀nẹ̀gà dúró tì í. Ní oṣù Èrèlé 2022, Cissé gbé ife náà wá sí Dakar, èyí tí orílẹ̀-èdè náà kò gbà rí.

Ẹnìkan lè sọ pé Mòrókò kò dúró. Lóòótọ́, oṣù mẹ́ta ṣáájú Ife Àgbáyé 2022 ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún Walid Regragui, ó sì mú wọn dé ìpele tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin, ibi tí ikọ̀ Áfíríkà kankan kò dé rí. Côte d'Ivoire yọ Jean-Louis Gasset láàrin Ife Áfíríkà tí wọ́n gbà lálejò ní 2024, wọ́n fa iṣẹ́ lé Emerse Faé, igbákejì rẹ̀, lọ́wọ́. Faé kò darí ikọ̀ àgbà kankan rí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé, ó na Nàìjíríà 2-1 ní àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí wọ́n ti wá. Regragui ti gba bọ́ọ̀lù fún Mòrókò, ọdún yẹn kan náà ni ó sì gba ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà pẹ̀lú Wydad Casablanca. Faé ti gba bọ́ọ̀lù fún Côte d'Ivoire, ó sì ti wà nínú yàrá ìmúra pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àlejò nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọ̀ ara ni à ń sọ. Ọjọ́ ayọ̀ tí ó tóbi jù fún Bẹ̀nẹ̀ wáyé lábẹ́ Michel Dussuyer, ọmọ Faransé, ní Íjíbítì ní 2019. Àwọn ọmọ wa ta ọ̀mì mẹ́ta, wọ́n fi pẹnáritì lé Mòrókò jáde, wọ́n sì dé ìpele tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n Dussuyer kì í ṣe àlejò: òun ni ó kó wọn lọ sí Àǹgólà ní 2010. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gernot Rohr, tí ó dé ní 2023. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Gabon, ní Niger, ní Burkina Faso àti ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Òkudù 2024, ní Abidjan, ó fi Bẹ̀nẹ̀ na Nàìjíríà tí ó lé e lọ, 2-1. Nàìjíríà gbẹ̀san: ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, ní Uyo, wọ́n nà wá 4-0, ilẹ̀kùn Ife Àgbáyé sì tì mọ́ wa lójú nígbà tí a ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ní ìdíje tí ó ṣáájú rẹ̀, èmi àti ìwọ kò lálàá pé a ó dé ẹnu ọ̀nà náà.

Nàìjíríà gan-an san owó ìkánjú. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2021, nígbà tí Ife Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n yọ Rohr. Augustine Eguavoen ṣe adelé, José Peseiro dé, Finidi George tẹ̀lé e fún oṣù díẹ̀ péré, Eguavoen tún padà ṣe adelé, kí wọ́n tó yan Éric Chelle ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. Láàrin rẹ̀, Ife Àgbáyé 2022 bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ni ó sì ń dùn wá jù. Ẹ wo ọ̀nà tí a ń gbà pe àwọn ọmọ tiwa. Bí ilé bá ti dàrú, tí owó kò sí, a ó pe ọmọ onílẹ̀ kí ó wá di àga mú. Moussa Latoundji, ẹni tí ó ti gba bọ́ọ̀lù fún Bẹ̀nẹ̀ àti ní Jámánì, jẹ́ adelé kí Rohr tó dé. A kì í fún adelé ní àkókò, a kì í fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ a fi èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣe ìdájọ́ rẹ̀, a sì ń sọ pé: “Ṣé ẹ rí i, àwọn tiwa kò lè ṣe é.” Ìdánwò tí a kò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé rẹ̀, báwo ni a ṣe lè fi òdo jẹ ẹ́ níyà? Bí Faé bá ti jẹ́ ẹ̀rí kan, ẹ̀rí náà ni pé ẹni tí a pè ní adelé lè jẹ́ ẹni tí a ti ń wá kiri.

Nítorí náà, nígbà tí àga náà bá tún ṣófo, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn olórí àjọ bọ́ọ̀lù wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Iṣẹ́ wo ni ẹ gbé fún un, ọdún mélòó ni ẹ sì fún un? Ṣé owó àwọn ọmọ àti ti olùkọ́ni yóò máa jáde ní àsìkò? Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni ẹ fi wọn òyìnbó àti ọmọ onílẹ̀, nínú owó, nínú sùúrù àti nínú ọ̀wọ̀? Ẹni tí ó bá yege lórí òṣùwọ̀n yẹn, kí ó wá láti Mannheim tàbí láti Ìpóbẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín náà wà ńbẹ̀. Àjọ CAF ń fún àwọn olùkọ́ni ní ìwé-ẹ̀rí ní ìpele-ìpele, láti D títí dé Pro. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ kékeré jọ ní ìrọ̀lẹ́ lórí pápá oníyanrìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìsàlẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ilé bá dàrú kí wọ́n tó pè yín. Kí orúkọ yín ti wà nínú ìwé nígbà tí wọ́n bá ń wá olùkọ́ni àgbà, kí ó má sì jẹ́ adelé ni wọn yóò kọ sí iwájú rẹ̀.