Bọ́ọ̀sì Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Gbóná Kì í Ṣe Bọ́ọ̀sì AC

Bọ́ọ̀sì tí AC rẹ̀ kò bá dé ìjókòó ẹ̀yìn kì í ṣe bọ́ọ̀sì AC. Ẹni tó bá sì gba owó AC lọ́wọ́ èrò tó jókòó sẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìrẹ́jẹ ló ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn onímọ́tò kan nínú, àwọn tó ń fi Hiace àti Coaster kó èrò láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, títí dé ẹnu bodè Sẹ̀mẹ̀. Kí wọ́n bínú. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí àwọn èrò ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ wo ilé alájà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní Àgbádárìgì lọ́dún 1845, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gbẹ́rẹ́fù, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ ní àlọ àìpadà láyé àtijọ́. Olùkọ́ á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àwọn ọmọ á kún ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó dé Òkókómàíkò, olùkọ́ ti fi ìborùn bo èjìká nítorí òtútù. Ní ìlà tó kẹ́yìn, aṣọ iléèwé ti lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn á na ọwọ́ sókè, á máa yí ihò atẹ́gùn roboto tó wà lórí òrùlé sọ́tùn-ún sósì. Eruku ló máa kọ́kọ́ jáde, atẹ́gùn lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ké pe dírẹ́bà, yóò ní, "Ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀ lẹ́yìn." Wọ́n á dé Àgbádárìgì, kò ní tíì dé. Bẹ́ẹ̀ ara ọmọdé ń yára gbóná ju ti àgbà lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyà èrò ẹ̀yìn yìí tún ju ti ẹni tó wọ dánfó lọ. Fèrèsé dánfó ṣeé ṣí. Bí ọkọ̀ bá ti sáré díẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà àti ti òkun á wọlé, ara á tù. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì AC, gíláàsì ẹ̀yìn kò ṣeé ṣí. Èyí tó bá sì ṣeé ṣí, kò sí ẹni tó máa gbà kí wọ́n ṣí i: "AC wà lórí, ẹ ti fèrèsé!" Nípa bẹ́ẹ̀, èrò ẹ̀yìn ti fi owó tó pọ̀ jù ra ooru tó pọ̀ jù, wọ́n sì tún gba atẹ́gùn ọ̀fẹ́ Ọlọ́run mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú òwò wo nìyẹn?

Àwọn onímọ́tò á ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i, pé ẹ̀yìn jìnnà síwájú. Irọ́ ni. Ohun tó fà á yé gbogbo mẹkáníìkì AC tó mọṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń fi bẹ́líìtì yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á máa yí dáadáa, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ lu kọndẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀, ooru á máa jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró, gbogbo rẹ̀ á dẹ̀. Ọ̀nà Àgbádárìgì sì rèé, ìdúró ló pọ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 2009 tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá ti Èkó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ́ di ọlọ́nà mẹ́wàá, ọdún gorí ọdún ni èrò fi jẹ ìyà sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Máìlì 2 lọ sókè. Ọkọ̀ tó bá sì ń ti Sẹ̀mẹ̀ bọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá ló ń dá a dúró níbí, tí wọ́n tún ń dá a dúró lọ́hùn-ún. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ̀yìn ni òtútù ti kọ́kọ́ ń lọ.

Ìdí ni pé kọ́ìlì tó ń mú atẹ́gùn tutù lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ti dírẹ́bà àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ̀yìn yóò bá tutù, ó gbọ́dọ̀ ní kọ́ìlì tirẹ̀, fáànù tirẹ̀, àti páìpù gáàsì tó gùn dé ibẹ̀. Èèyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó tó nǹkan bí 100 wáàtì jáde. Èèyàn 14 nínú Hiace, 1,400 wáàtì nìyẹn: bí ìgbà tí èèyàn tan áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ sílẹ̀ láàárín wọn ni, láìtíì ka oòrùn tó ń jó irin òrùlé. Ó ṣòro kí kọ́ìlì iwájú nìkan borí rẹ̀ dé ẹ̀yìn.

Àwọn tó ṣe AC ọkọ̀ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tó ní AC jáde ní ìparí ọdún 1939, inú búùtù ni wọ́n gbé kọ́ìlì rẹ̀ sí. Láti ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ni atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ bọ̀ wá síwájú. Olówó tó ní dírẹ́bà, ẹ̀yìn ni í jókòó. Títí di òní, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnnì rìnrìn àjò mọ̀ pé AC ẹ́ńjìnnì kò lè dé iyàrá ẹ̀yìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé AC mìíràn sórí òrùlé, tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé e ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣeé mú tutù. Ìgbà tó di ibi ìjókòó mẹ̀kúnnù ni wọ́n tó ní kò ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí bọ́ọ̀sì nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹrù ni wọ́n fi ń kó ní Yúróòpù kó tó di tòkunbọ̀. Lẹ́yìn tó gúnlẹ̀, wọ́n á gé irin ara rẹ̀, wọ́n á fi gíláàsì sí i, wọ́n á jó ìjókòó mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó di bọ́ọ̀sì. Ẹrù ni ẹni tó ṣe é ní lọ́kàn. Kò fi kọ́ìlì kankan sẹ́yìn, nítorí ẹrù kò nílò AC. Ẹni tó sọ ọ́ di ọkọ̀ èrò náà kò fi kún un. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti tún AC iwájú ṣe, wọ́n á lẹ "AC" mọ́ gíláàsì.

Èyí tó ní AC ẹ̀yìn láti iléeṣẹ́ wá náà kò bọ́. Nínú Sienna àti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì, abẹ́ ọkọ̀ ni páìpù tó lọ sẹ́yìn ń gbà kọjá. Etí òkun sì ni Àgbádárìgì wà. Iyọ̀ tó wà nínú atẹ́gùn òkun àti omi tó ń dúró lójú títì á máa jẹ páìpù náà díẹ̀díẹ̀, títí tí gáàsì á fi máa jò. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé mẹkáníìkì á gé páìpù ẹ̀yìn, á dí i pa, á da gáàsì sí ti iwájú. Dírẹ́bà á gbé ọwọ́ síwájú fáànù, yóò tutù, yóò sanwó, ó di ọ̀nà Máìlì 2. Láti ọjọ́ náà, AC ọkọ̀ yẹn ti kú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n owó AC kò kú.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyí: ẹni tí bọ́tìnnì AC wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jókòó síbi tó gbóná. Tí òtútù bá mú dírẹ́bà, yóò dín in kù. Tí ẹni iwájú bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òtútù ń mú mi," yóò tún dín in kù. Ìyá tó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ ní ìlà tó kẹ́yìn ń fi ìwé fẹ́ ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dé iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó síwájú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ yíjú sẹ́yìn kí ẹ tó ní kí wọ́n dín AC kù.

Wọ́n á ní epo ti wọ́n. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó pẹtiróòlù ti le, AC sì ń jẹ epo. Ṣùgbọ́n bí epo bá wọ́n, ẹ sọ ọ́ ní gáréèjì pé kò sí AC, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gba owó ọkọ̀ tí kò ní AC. Kò sí ẹni tó máa bá yín jà. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹ gba owó epo AC lọ́wọ́ èèyàn 14, kí ẹ fi tu èèyàn mẹ́ta lára.

Àwọn mìíràn á ní ẹni tó bá fẹ́ tutù, kó tètè dé kó lè jókòó síwájú. Èèyàn mélòó ni iwájú gbà? Bí gbogbo wa bá tètè dé, àwọn kan yóò ṣì jókòó sẹ́yìn. Àwọn kan á tún sọ pé mẹ̀kúnnù kò bìkítà fún AC. Ẹ bi àwọn tó ń wọ reluwé Blue Line láti Marina wá sí Máìlì 2 léèrè. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló ti ń kó èrò, AC sì wà nínú rẹ̀. Mẹ̀kúnnù ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì mọ iyì ohun tí wọ́n sanwó rẹ̀.

Òfin kò gbè sẹ́yìn àwọn tó ń rẹ́ni jẹ. Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, kò fàyè gba kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ta iṣẹ́ fún oníbàárà. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, wà fún un. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ tirẹ̀, LASCOPA. Iṣẹ́ ti wọn ni láti dé gáréèjì, kí wọ́n wọ inú àwọn bọ́ọ̀sì tó kọ "AC" sára, kí wọ́n sì lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn. Àwọn ibùdó LACVIS tó ń yẹ bíréèkì àti iná ọkọ̀ wò náà lè fi òṣùwọ̀n ooru sí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá fi ohun tó ju dígírì mẹ́ta lọ gbóná ju iwájú, kí wọ́n ní kí onítọ̀hún pa orúkọ AC rẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀ títí yóò fi tún un ṣe. Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé àti aṣáájú ìjọ tí ẹ ń háyà bọ́ọ̀sì wá sí etíkun wa, ẹ má fi owó sílẹ̀ kí àgbà kan nínú yín tó jókòó sẹ́yìn, kí ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ̀yin èrò, agbára wà lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ọwọ́ sí ihò atẹ́gùn tó wà lórí ìjókòó tí wọ́n fẹ́ fún yín. Bó bá tutù, ẹ san owó AC. Bí kò bá tutù, ẹ san owó ọkọ̀ lásán, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.