Kọ̀ǹpútà Kúáńtọ́ọ̀mù: Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù, èyí tíí ṣe ìmọ̀ nípa ìwà àwọn ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Kò ní pẹ́ tí orúkọ kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù yóò fi wọ ẹnu àwọn tí ń tọrọ ìbò, gẹ́gẹ́ bí orúkọ afárá àti pápá ọkọ̀ òfuurufú ti máa ń wọ ẹnu wọn. Kí ọjọ́ náà tó dé, a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n bèèrè. Èrò tiwa ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbà tí a ó ra ẹ̀rọ náà, bí kò ṣe irú iṣẹ́ tí a ní, àti ibi tí ó yẹ kí a ti ṣe é.

Kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì wa a máa fi òdo àti ení ṣe ìṣirò: bí kò bá jẹ́ èyí, ìyẹn ni. Kúbíìtì tí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù ń lò lè wà ní ipò tí òdo àti ení ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn, títí di ìgbà tí a bá wọ̀n ọ́n. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn igbésẹ̀ tí a fẹ́ kí àwọn kúbíìtì náà gbé ni a ń pè ní sákíìtì. Nítorí pé ìdáhùn ẹyọ kan ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń mú wá, a ní láti tún sákíìtì kan náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà kí a tó mọ ibi tí ìdáhùn tẹ̀ sí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2016 tí IBM ti gbé kọ̀ǹpútà oníkúbíìtì 5 sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ọ̀nà ti là fún akẹ́kọ̀ọ́ Polí Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaròó láti kọ sákíìtì níhìn-ín, kí ó sì rán an lọ sí ẹ̀rọ tí ó wà lókè òkun.

Àwọn ará Yewa kì í ṣe àjèjì sí irú ìpinnu yìí. Àgbẹ̀ Ayétòrò tí ó wa ẹ̀gẹ́ kì í kàn sáré gbé e sọ́kọ̀. Yóò kọ́kọ́ rò ó bóyá ó yẹ kí òun tà á rárá, tàbí kí òun fi í ṣe gàrí. Yóò rò ó bóyá ọjà ìlú òun tó o tà. Bí kò bá tó, yóò ṣírò owó ọkọ̀ dé Èkó, àti iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lè lò lọ́nà kí ó tó bàjẹ́. Ìṣirò mẹ́ta kan náà ni ẹni tí ó ní sákíìtì lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣe.

Èkíní ni pé, ṣé iṣẹ́ náà fẹ́ kúáńtọ́ọ̀mù rárá? Àkọsílẹ̀ máàkì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, owó oṣù olùkọ́ àti iye owó ọjà kò fẹ́ ẹ. Ibi tí ìrètí àwọn onímọ̀ wà jù ni ìwádìí nípa bí èròjà ṣe ń so pọ̀ mọ́ ara wọn, irú èyí tí ó lè kan ìpèsè ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kò kéré sí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ tí ó wà ní Ayétòrò. Ṣùgbọ́n kò tíì sí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù kan tí ó yanjú ìṣòro ajílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni pé, ṣé kọ̀ǹpútà ilé kò lè ṣe é? Kọ̀ǹpútà lásán lè fara wé kúáńtọ́ọ̀mù, bí ààyè ìrántí rẹ̀ bá tó. Kúbíìtì 20 kò gbà ju mẹ́gábáìtì 16 lọ. Kúbíìtì kan tí a bá fi kún un yóò sọ ààyè náà di ìlọ́po méjì, tí ó fi jẹ́ pé kúbíìtì 30 a máa gba gígábáìtì 16, tí 40 sì ń gba tẹ́ràbáìtì 16. Nítorí náà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, tábìlì rẹ̀ gbà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti rí i pé ilé lágbára ju bí wọ́n ti rò lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, IBM fi ẹ̀rọ oníkúbíìtì 127 ṣe ìṣirò kan tí ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn ti fi ọgbọ́n mìíràn ṣe ìṣirò náà lórí kọ̀ǹpútà lásán.

Ẹ̀kẹta ni pé, bí a bá fẹ́ rán an jáde, ẹ̀rọ wo ni yóò gbà á kí ó tó bàjẹ́? Kúbíìtì a máa ṣàṣìṣe. Bí igbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń kùnà lẹ́ẹ̀kan péré nínú 1,000, sákíìtì onígbésẹ̀ 1,000 yóò parí láìní àṣìṣe ní nǹkan bí ìgbà 37 nínú 100. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí a ń mú tutù ju yìnyín lọ lọ́nà jíjìn: wọ́n yára, ṣùgbọ́n aládùúgbò nìkan ni kúbíìtì wọn ń bá sọ̀rọ̀, èyí sì lè sọ sákíìtì kúkúrú di gígùn. Àwọn mìíràn ń lo átọ́ọ̀mù tí a sé mọ́: kúbíìtì wọn lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ kárí, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra. Ẹni tí kò bá mọ gígùn sákíìtì rẹ̀ yóò sanwó, yóò tò sórí ìlà, yóò sì gba ìdáhùn tí kò nítumọ̀. A gbà pé àtúnṣe ń bọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Google fi hàn pé bí a bá lo kúbíìtì púpọ̀ láti máa ṣọ́ ara wọn, àṣìṣe lè dínkù. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ń bọ̀ kò tíì jẹ́ ọjà tí ó dé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwa ará ẹnu ibodè ju àwọn mìíràn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti àwọn ẹnu ibodè orí ilẹ̀. Ti Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 kan náà, a pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo dé ilé epo tí ó wà láàrin kìlómítà 20 sí ibodè. Àwọn tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní agbègbè wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, IBM pa àwọn ẹ̀rọ àfarawé tí ó ń yá aráyé lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tì. Ẹni tí ó ti kọ́ bí a ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ kò pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn kan yóò wí pé bí a kò bá tètè ra ẹ̀rọ tiwa, ayé yóò fi wá sílẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Nígbà tí Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg wọ inú ọ̀ràn yìí ní ọdún 2019, kò ra ẹ̀rọ. Àyè láti lo ti IBM ni ó gbà, a sì kéde pé àyè náà yóò kan àwọn yunifásítì ẹgbẹ́ ARUA, tí Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ jẹ́ ara wọn. Polí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà. Ìdí nìyí tí Ìlaròó fi gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò wí pé ibi tí iná kò ti dúró, kí ni a fẹ́ fi kúáńtọ́ọ̀mù ṣe? Àwọn náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n iná tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ni iná kọ̀ǹpútà díẹ̀, èyí tí agbára oòrùn lè gbé.

Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti kọ́kọ́ ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́, àgọ́ lásán ni. Ohun tí a ń béèrè lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a pèsè yàrá kan ní Ìlaròó àti ọ̀kan ní Ayétòrò, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ààyè ìrántí rẹ̀ tó àti iná tí ó dúró. Kí a dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí Qiskit, ohun èlò tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí olóṣèlú kan bá sì dé pẹ̀lú ìlérí ilé kúáńtọ́ọ̀mù aláràbarà, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè níwájú gbogbo ènìyàn: iṣẹ́ wo ni, èé ṣe tí kọ̀ǹpútà ilé kò fi lè ṣe é, ẹ̀rọ wo ni yóò sì gbà á láìbàjẹ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó fi owó ìlú sílẹ̀ nínú àpótí.