Oko àti Ilé: Ẹ̀gẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Ìyá kan ní Àkúrẹ́ bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a sì ṣe ìlérí pé a ó dá a lóhùn níhìn-ín. Ẹ̀gẹ́ kan hù lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, igi rẹ̀ pupa díẹ̀, kò sì jọ èyíkéyìí tí ó wà ní àdúgbò náà. Baálé rẹ̀ ní kí a fà á tu. Ìyá náà wá ń bi wá pé, ta ni ó bí i?

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni a fi ń rọ́pò rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáradára, èyí tí à ń pè ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ọmọ rárá. Kò ní bàbá. Ara ìyá gan-an ni ó tún yọ ní ẹ̀gbẹ́, ohun tí ó wà nínú ìyá ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣu tí a gé ní ẹ̀bù, bẹ́ẹ̀ sì ni igi ẹ̀gẹ́ tí a gé, tí a sì rì bọ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó di ìdì igi kan náà láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, tí ó sì fi gbin èékà mẹ́wàá, ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ni ó gbìn, bí ó tilẹ̀ rí bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ a máa tanná pẹ̀lú. Igi kan náà ni ó ń ru òdòdó akọ àti òdòdó abo. Abo a kọ́kọ́ ṣí, akọ a sì tẹ̀lé e. Oyin àti kòkòrò mìíràn ni ó ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ bá abo, nígbà púpọ̀ láti orí igi kan dé orí òmíràn. Èso rẹ̀ kéré, ó sì ní kóró mẹ́ta. Bí ó bá gbẹ, a bẹ́, a sì ta kóró náà dà sílẹ̀. Irú kóró bẹ́ẹ̀ ni ó hù lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá wa. Ó gba ìdajì ogún lọ́wọ́ ìyá, ó gba ìdajì lọ́wọ́ bàbá, a sì pa ogún méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí kò tíì sí rí. Abiyamọ tí ó ti bí ọmọ mẹ́fà mọ ohun tí à ń wí: bàbá kan, ìyá kan, síbẹ̀ ojú wọn kò dọ́gba, ìwà wọn kò dọ́gba. (Àwọn ìbejì tí a kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ ni ó dà bí igi ẹ̀gẹ́ kan tí a gé sí méjì, nítorí ẹyin kan ni ó pín, ṣùgbọ́n inú ẹyin méjì ni púpọ̀ jùlọ ìbejì ilẹ̀ Yorùbá ti wá, wọn kò sì jọ ara wọn ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ.)

A kò gan igi gígé. Ó yá, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀lé; ẹni tí ó gé igi rere yóò rí ẹ̀gẹ́ rere, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti inú kóró wá kì í dára tó ìyá wọn. Ewu rẹ̀ ni àìsàn. Àrùn kan wà tí ń mú ewé ẹ̀gẹ́ ní àbàwọ́n, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféèfèé, tí ewé náà a sì lọ́, tí gbòǹgbò kì í tóbi. Ní ọdún 1894 ni a kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Eṣinṣin funfun kékeré ni ó ń gbé e kiri, àgbẹ̀ pàápàá a sì máa gbé e nínú igi tí ó gé. Níbi tí gbogbo oko ti jẹ́ igi kan ṣoṣo, ohun tí ó ṣẹ́gun ọ̀kan ti ṣẹ́gun gbogbo wọn.

Báwo ni a ṣe rí ọ̀nà? Nínú kóró ni. Ní Amani, ní Tanganyika ìgbà náà, Storey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 láti fi ẹ̀gẹ́ fẹ́ ìbátan rẹ̀, igi rọ́bà Ceará ti ilẹ̀ Brazil. Àrùn náà kò rí igi yìí mú bí ó ti ń mú ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò tí a lè jẹ. Wọ́n tún mú àwọn ọmọ padà fẹ́ ẹ̀gẹ́, léraléra. Ní àwọn ọdún 1950, kóró láti ibẹ̀ dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, a sì yan ọ̀kan tí a pè ní 58308. Nígbà tí a ti dá ilé ìwádìí IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, dé ibẹ̀ ní ọdún 1971, ó sì mú 58308 fẹ́ àwọn mìíràn. Láti inú iṣẹ́ yìí ni TMS 30572 ti jáde, èyí tí ó wọ oko púpọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tiwa pàápàá kò sùn: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọkọ Ìyàwó, oko àgbẹ̀ ni a ti bá a, ó sì ń dènà àrùn yìí.

Àwọn ará Oǹdó lè wí pé kóró ni àwọn fi ń gbin kòkó, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n gidigidi. Kòkó àtijọ́ wa, Amelonado, a máa gba ìyẹ̀fun ara rẹ̀, ìdílé tí a sì mú wá sí ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ìyá jọ bàbá, ọmọ jọ àwọn méjèèjì. Kóró ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ogún kan náà ni à ń pín lọ pín bọ̀. Nígbà tí a rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní Nàìjíríà ní ọdún 1944, igi gígé lulẹ̀ ni ìjọba fi dá a lóhùn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì sunkún. Ní ọdún náà gan-an ni Posnette mú kòkó òkè odò Amazon láti Trinidad wá sí Tafo ní Gánà. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí ó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, sì ń lò wọ́n. Púpọ̀ nínú kòkó Amazon yìí kì í gba ìyẹ̀fun ara rẹ̀. Àfi kí ó lọ fẹ́ ará ìta, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti kọ̀ kí ọmọ ilé kan náà fẹ́ ara wọn.

Nítorí náà, ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ má jẹ́ kí a fà á tu. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọdún kan. Ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ jẹ, ẹ má sì sun ún, nítorí a kò mọ̀ bí oró inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ rin ín, ẹ fi sínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ tó yan án ní gàrí. Bí ewé rẹ̀ bá mọ́ láìní àbàwọ́n nígbà tí ti àwọn aládùúgbò bá lọ́, ẹ gé igi rẹ̀ méjì sí etí ọgbà, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa. Títí di ìgbà náà, kí baálé fi àdá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ná.