Òkè Ọ̀kà àti Ọ̀nà Rẹ̀
Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO. Ọ̀kà Àkókó náà ní òkè tí ó yẹ ní wíwò: Òkè Màríà, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti ń gbàdúrà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbádùn ọdún bí ẹ̀rù ọ̀nà bá ń bà á? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan pa ènìyàn lẹ́bàá yunifásítì ní Àkùngbá, nítòsí Ọ̀kà. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ béèrè ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ òkè wọn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí.