Ẹ Ṣọ́ra fún Òjò Àkọ́rọ̀, Ẹ̀yin Tó Ń Gun Alùpùpù

Àwọn tó ń fi alùpùpù ṣe ìrìn afẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ìdànrè máa ń bẹ̀rù òjò ńlá oṣù Keje, wọn kì í sì í ka òjò àkọ́rọ̀ sí. Lójú tiwa, òjò àkọ́rọ̀ ló léwu jù. Látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni epo tó ń jò lára ọkọ̀ àti eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà. Bí òjò wínníwínní bá ta sí i, ọ̀nà a máa yọ̀ bí ilá. Òjò ńlá a fọ epo àti eruku náà lọ, òjò díẹ̀ kò lè fọ̀ wọ́n. Ibi tí táyà alùpùpù fi kan ilẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ; ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì ní kọ́nà, ó di ilẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣíborí ti tó. Dandan ni àṣíborí, ó ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n orí ló ń dáàbò bò, kì í di táyà mú. Àwọn mìíràn á ní báwọn bá dúró nítorí òjò, ilẹ̀ á ṣú mọ́ àwọn lọ́nà. Ẹ tètè kúrò nílé, torí ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń rọ̀. Bó bá ti ń kán, ẹ yà sábẹ́ òrùlé, kì í ṣe abẹ́ igi, kẹ́ ẹ dúró títí omi yóò fi fọ ọ̀dà náà.