"Ó Ṣiṣẹ́ Fún Mi" Kì Í Ṣe Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ 5V àti 3.3V

Bí ẹ bá máa ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní Arduino, ẹ ó ti rí èyí: wọ́n á mú HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, wọ́n á fún un ní iná 5V, wọ́n á wá fa wáyà Echo rẹ̀ tààrà sí ESP32. Ẹnì kan á béèrè pé ṣé kò ní í ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Èsì tó máa ń gbà ni: "Ó ṣiṣẹ́ fún mi o, kò sí wàhálà."

Èmi ò fara mọ́ ọn. Wàhálà wà, ó lè má tíì dé ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wáyà ń sọ láàárín ẹ̀rọ méjì. Fóltì tó ga ni bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó sún mọ́ òdo ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ kan ń pè ní gíga yàtọ̀ sí ti òmíràn. 5V ni Arduino Uno ń lò; 3.3V ni ti ESP32 àti Raspberry Pi. Bí iná ESP32 bá jẹ́ 3.3V, datasheet rẹ̀ ní kí ohun tó ń wọ pin má ju 3.6V lọ. 5V ti kọjá ibẹ̀ jìnnà.

Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà míì? Ọ̀pọ̀ chip ló ní ààbò kékeré lẹ́nu pin wọn. Iná ojijì tó máa ń ta lára ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹrù ojoojúmọ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Rẹsítọ̀ méjì péré ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ fi 1kΩ sáàárín Echo àti pin ESP32, kí ẹ fi 2kΩ sáàárín pin yẹn àti GND. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 5V ló máa dé pin: nǹkan bíi 3.3V.

Tí 3.3V bá ń lọ bá 5V ńkọ́? Kò ní í jó, àmọ́ ó lè má gbọ́ dáadáa. Chip inú Uno ń fẹ́ 3V kó tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, torí náà 3.3V fi díẹ̀ kọjá. 74HC tó ń lo 5V ń fẹ́ 3.5V, ó lè gbọ́ lónìí, kó dití lọ́la, kí ẹ wá máa bá kóòdù yín jà. 74HCT ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, 2V ti tó o. Ní ti I2C, tí ẹ̀rọ méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan náà, rẹsítọ̀ méjì yẹn ò lè ṣe é. Ẹ ra level shifter kékeré tó ní BSS138.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Èmi rò pé òun gan-an ló kàn jù. Ẹni tó ń ṣe fídíò lè ní bọ́ọ̀dù márùn-ún nínú dúrọ́ọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí project rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì ò ní ju ẹyọ kan lọ, owó oúnjẹ ló sì fi rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya rẹsítọ̀ méjì yẹn sínú àwòrán yín.