Bí Ìjọba Bá Ti Ilé Ìwòsàn Pa

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò dáadáa mọ̀ pé ilé ìwòsàn aládàáni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bí àìsàn bá dé lóru. Àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí ní dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Òmíràn kò ju yàrá méjì lọ, a kò sì mọ ibi tí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun níbẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni òfin àtúntò ètò ìlera tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2006 fi dá àjọ HEFAMAA sílẹ̀, kí ó máa fún ilé ìwòsàn ní ìwé àṣẹ, kí ó máa bẹ̀ wọ́n wò, kí ó sì máa ti èyí tí kò bá tọ́ pa.

A fara mọ́ àṣẹ yìí láìṣiyèméjì. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá ti ilé aládùúgbò yín pa, ẹ má ṣe tètè gba ilé àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí i. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tí ó ń gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹni tí à ń ṣàánú fún nítorí ìbò.

Síbẹ̀ àṣẹ ní ààlà. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé bí òfin kan bá fún ìjọba lágbára láti pinnu ohun tí ó kan ẹ̀tọ́ ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ fún onítọ̀hún láyè láti rojọ́ tirẹ̀ kí a tó ṣe ìpinnu, a kò sì gbọdọ̀ sọ ìpinnu náà di àṣekágbá tí ilé ẹjọ́ kò lè yẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, òfin ọdún 2008 ni ó fún àjọ Care Quality Commission ní irú agbára kan náà. Àjọ náà a máa kọ̀wé ṣáájú, a sì máa sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sì ti pinnu, onílé ní ọjọ́ 28 láti pẹjọ́. Bí ewu ńlá bá wà, adájọ́ lè fagi lé ìwé àṣẹ náà lójú ẹsẹ̀. A kò rí ìdí tí Èkó kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ká wa lára jù ni ti aláìsàn. Obìnrin kan ní Ìbà ti forúkọ sílẹ̀ fún ìgbẹ̀bí. Oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ìwé ìjọba lára ilẹ̀kùn. Ta ni yóò sọ fún un bóyá kí ó gba ọ̀nà LASU lọ sí ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò, tàbí kí ó dúró? Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, tí ó wà nínú ilé tí a tì? Bí kò bá rí ẹni dá a lóhùn, ilé tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ ni yóò yà sí, àjọ náà yóò sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé e lọ síbẹ̀.

Ìdí rèé tí a fi ń bèèrè pé kí àjọ HEFAMAA kọ ìdí tí ó fi ti ilé kọ̀ọ̀kan sára ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó kọ orúkọ ọsibítù tí yóò gba àwọn aláìsàn síbẹ̀, kí a sì kó ìwé ìtọ́jú wọn fún wọn. Owó ìtanràn nìkan kò gbọdọ̀ tó láti ṣí ilé náà padà. Kí a tún un bẹ̀ wò ná. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ka ìwé ara ilẹ̀kùn wọ̀nyí sí etí àwọn òbí tí kò mọ̀wé, kí ẹ sì kọ́ wọn láti béèrè ìwé àṣẹ kí wọ́n tó jókòó de dókítà.